Ọmọ yín ti kọ sọ́fítíwíà fún Linux: irinṣẹ́ wo ni kó fi dì í kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn?

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ní ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lónìí. Àwọn kan nínú wọn ti kọ èyí tó wúlò gan-an: ètò tó ń ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́, èyí tó ń pa àkọsílẹ̀ ọjà mọ́, tàbí èyí tó ń ṣàkójọ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ náà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tó bá fẹ́ gbé e fún olùkọ́ tàbí oníṣòwò pé kí wọ́n máa lò ó ni wàhálà máa ń dé. Yóò ní kí wọ́n ṣí terminal, ìyẹn ojú dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ, kí wọ́n kọ àṣẹ mẹ́fà tàbí méje sí i, kí wọ́n sì lọ wá Python àti àwọn nǹkan mìíràn kún un. Olùkọ́ á wò ó títí, á sì padà sídìí ìwé àti bírò rẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ṣe máa ń kú sórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní installer. A ó máa pè é ní àpò ìgbékalẹ̀ nínú àlàyé yìí: fáìlì kan tí a di ètò náà sí, tí ẹni tó gbà á yóò ṣí, tí ètò náà yóò sì jókòó sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsí pé ó mọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ilé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà nílé wa kò sì kún ojú ìwọ̀n ohun tí Windows 11 ń béèrè, pàápàá TPM 2.0. Linux jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ lè fi máa wúlò lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kí ló dé tí ti Linux fi yàtọ̀?

Lórí Windows, gbogbo wa mọ bó ṣe ń lọ. Èèyàn á tẹ fáìlì setup lẹ́ẹ̀mejì, á máa tẹ Next, Next, títí yóò fi kan Finish. Àwọn tó ń ṣe irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní irinṣẹ́ tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́, bíi Inno Setup àti NSIS. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá ti Windows bọ̀ fi máa ń béèrè pé: èwo ni Inno Setup ti Linux? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí ẹyọ kan tó gba ipò náà lọ́wọ́ gbogbo ìyókù.

Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Ohun tó kọ ni kernel, ìyẹn ọkàn ẹ̀rọ náà. Àwọn ẹlòmíràn ló ń kó ìyókù mọ́ ọn tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di odindi tí èèyàn lè lò. Debian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Ubuntu, tí wọ́n kọ́ lé Debian lórí, jáde ní ọdún 2004. Wọ́n sì kọ́ Linux Mint lé Ubuntu lórí. Ẹbí kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àpò tí wọ́n sì ń lò ni èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .deb. Ẹbí kejì ni Red Hat àti Fedora, àpò tiwọn ni .rpm. Àwọn ẹbí mìíràn tún wà.

Ìyàtọ̀ kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Lórí Linux, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ní alábòójútó àpò. Lórí ẹbí Debian, apt ni orúkọ rẹ̀. Lórí Fedora, dnf ni. Alábòójútó yìí ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì tí àpò kọ̀ọ̀kan gbé wọlé sílẹ̀. Bí àpò kan bá nílò Python, òun ló máa lọ bá a mú Python wá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ní kó yọ ètò náà kúrò, ó mọ gbogbo ohun tó yẹ kó kó jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ béèrè bóyá àpò tó máa ṣe yóò bá alábòójútó yìí ṣiṣẹ́ pọ̀, tàbí yóò gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí irinṣẹ́ tí wọ́n gbọ́ pé ó lókìkí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gba ètò náà ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ló tó:

Irú Linux wo ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀? Àṣẹ cat /etc/os-release yóò sọ fún yín. Àṣẹ uname -m yóò sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Bí ó bá kọ x86_64, ẹ̀rọ 64-bit tó wọ́pọ̀ nìyẹn.

Ṣé ó ní dátà tó pọ̀? Fláàṣì ni wọ́n máa fi gbé ètò náà lọ bá ẹlòmíràn, nítorí náà àpò tó ń fa nǹkan ńlá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní bá a mu.

Ṣé ó ní páásíwọ́ọ̀dù alákòóso kọ̀ǹpútà náà? Nílé, ó lè ní in. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ọ́fíìsì, ó lè má ní in.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ máa ṣàtúnṣe ètò náà? Èyí tí ẹ máa tún ṣe ní oṣooṣù kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹ máa fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí gbogbo wọn bá ń lo Ubuntu, Mint tàbí Debian: ẹ ṣe .deb

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ ètò kékeré fún àwọn tó wà ládùúgbò rẹ̀, ibí yìí ni a rò pé kó ti bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ tó máa lò ti wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ́lẹ̀: dpkg-deb ni orúkọ rẹ̀. Kò ní san owó, kò sì ní gba nǹkan kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé ọmọ náà fi Python kọ ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì pè é ní iwe-owo. Yóò dá fódà kan tó ń jẹ́ iwe-owo_1.0_all. Nínú rẹ̀, yóò to àwọn fáìlì rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á: fáìlì tó ń ṣí ètò náà yóò wà ní usr/bin, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́, ìyókù ètò náà yóò wà ní usr/share/iwe-owo, fáìlì kékeré tó parí sí.desktop yóò wà ní usr/share/applications. Fáìlì .desktop yìí ni yóò jẹ́ kí orúkọ àti àwòrán ètò náà hàn nínú mẹ́nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń gbàgbé rẹ̀, ẹni tó gbé ètò náà kalẹ̀ á sì máa wá a kiri, á rò pé kò wọlé.

Lẹ́yìn náà, yóò dá fódà mìíràn sínú rẹ̀ tó ń jẹ́ DEBIAN, yóò sì fi fáìlì kan tó ń jẹ́ control síbẹ̀. Ohun tí yóò kọ sí i kò ju báyìí lọ:

Package: iwe-owo
Version: 1.0
Architecture: all
Maintainer: orúkọ rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀
Depends: python3, python3-tk
Description: Ètò fún àkọsílẹ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́

Ìlà Depends ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀. Òun ló ń sọ fún apt pé ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí Python àti láìsí ohun tó ń ya ojú fèrèsé rẹ̀. Bí ètò náà bá ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìdí, tàbí tó ń kọ lẹ́tà Lárúbáwá, ẹ fi fonts-noto-core kún ìlà yìí. Bí kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á kò bá ní lẹ́tà wọ̀nyí, àpótí kékeré lásán ni yóò máa rí níbi tí ẹ kọ orúkọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ìlà Architecture sì ń sọ irú ẹ̀rọ tí ó wà fún: all ni fún ètò Python lásán, amd64 ni fún èyí tí wọ́n ti sọ di èdè ẹ̀rọ fún kọ̀ǹpútà 64-bit.

Ó ku àṣẹ kan ṣoṣo: dpkg-deb --build --root-owner-group iwe-owo_1.0_all. Fáìlì iwe-owo_1.0_all.deb yóò jáde. Bí ètò náà kò bá ní àwòrán púpọ̀, ó lè má tó 1 MB, WhatsApp sì lè gbé e. Ẹni tó gbà á yóò kọ sudo apt install ./iwe-owo_1.0_all.deb. Àmì ./ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń sọ fún apt pé fáìlì náà wà nínú fódà tí a wà. Tí ó bá fẹ́ yọ ọ́, sudo apt remove iwe-owo ti tó.

Ìṣòro rẹ̀ méjì ni pé ó nílò páásíwọ́ọ̀dù alákòóso, àti pé bí kọ̀ǹpútà náà kò bá ní Python àti python3-tk tẹ́lẹ̀, apt yóò nílò íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀ láti mú wọn wá.

Bí a kò bá mọ irú Linux tí wọ́n ń lò: AppImage

Simon Peter ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọdún 2004 lábẹ́ orúkọ klik, kó tó wá di AppImage. Ohun tó ń ṣe rọrùn láti lóye: ètò náà àti gbogbo ohun tó gbára lé wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹni tó gbà á kò gbé nǹkan kan kalẹ̀ rárá. Yóò fún fáìlì náà ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́, yálà nínú Properties tàbí pẹ̀lú àṣẹ chmod +x, lẹ́yìn náà yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Kò béèrè dátà. Bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, yóò pa fáìlì náà rẹ́. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi fláàṣì gbé nǹkan láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì, ó dára púpọ̀.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ni appimagetool àti linuxdeploy. Ẹni tó fi Python kọ ètò lè kọ́kọ́ lo PyInstaller láti kó Python mọ́ ètò náà, kó tó wá fi appimagetool dì í.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀. Èkíní, ó tóbi: ohun tí .deb gbé ní 1 MB lè di ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta MB níbí, nítorí ó ru gbogbo ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì, orí Linux tó dàgbà jù lọ nínú èyí tí àwọn èèyàn yín ń lò ni kí ẹ ti dì í. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní glibc tí gbogbo ètò ń lò. Ètò tí a dì lórí glibc àtijọ́ máa ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí a dì lórí tuntun lè kọ̀ lórí àtijọ́. PyInstaller náà kì í kó glibc mọ́ra, nítorí náà òfin kan náà ló dè é. Ẹ̀kẹta, láti Ubuntu 22.04, wọn kì í fi libfuse2 sínú rẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, AppImage tí wọ́n fi irinṣẹ́ àtijọ́ ṣe sì lè kọ̀ láti ṣí. Ẹ lo appimagetool tuntun, èyí tí fáìlì tó ń ṣe kò nílò libfuse2.

Bí a bá fẹ́ èyí tó jọ ti Windows

Makeself ló súnmọ́ ọn jù lọ nínú ìrọ̀rùn. Ó ń di fódà kan pọ̀ mọ́ ìwé àṣẹ kan, ó sì ń sọ wọ́n di fáìlì .run. Bí èèyàn bá ṣí i, yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì ṣe ohun tí ìwé àṣẹ náà sọ. NVIDIA ń fi makeself di dráífà wọn fún Linux, VirtualBox náà sì ń lò ó. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹbí Linux gbogbo.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó gba ẹ̀yìn alábòójútó kọjá. Apt kò mọ̀ pé ó wọlé, kò sì lè yọ ọ́. Bí ẹ bá mú un, ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín kọ ìwé àṣẹ tó máa yọ ètò náà kúrò. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù ló dà sílé onílé.

Bí ó bá jẹ́ ojú Next, Next gan-an lẹ ń fẹ́, Qt Installer Framework wà fún un, InstallBuilder wà, IzPack sì wà fún àwọn tó fi Java kọ ètò. Iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n fún ètò kékeré ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó dà bí ẹni tó gba tírélà láti fi gbé àpò gààrí kan.

Flatpak àti Snap ńkọ́?

Alexander Larsson ló bẹ̀rẹ̀ Flatpak. Ó ń jẹ́ xdg-app tẹ́lẹ̀, ọdún 2016 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Canonical tó ni Ubuntu ló ṣe Snap. Àwọn méjèèjì dára fún ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí ètò òun. Wọ́n ní ọjà ńlá tí àwọn èèyàn ti ń mú nǹkan, Flathub àti Snap Store. Wọ́n ń gbé àtúnṣe lọ bá àwọn èèyàn láìsí wàhálà, wọ́n sì lè há ètò mọ́ àyè tirẹ̀ kó má lè dé ibi tí wọn kò fún un láyè dé.

Ṣùgbọ́n ẹ padà síbi ìbéèrè kejì, ti dátà. Flatpak máa ń fa ìpìlẹ̀ kan wọlé nígbà àkọ́kọ́, èyí tó lè ju 200 MB lọ, kódà bí ètò yín kò bá ju 1 MB lọ. Òótọ́ ni pé ètò mìíràn tó ń lo ìpìlẹ̀ kan náà kò ní fà á mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi fóònù fún láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní dátà yóò ti kábàámọ̀. Snap ní tirẹ̀ kì í sí lórí Linux Mint láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe Mint ti dí ọ̀nà rẹ̀ láti Mint 20 ní ọdún 2020. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà náà.

Bí a bá nílò .deb àti .rpm pọ̀

Ẹ má ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Irinṣẹ́ fpm, tí Jordan Sissel ṣe, máa ń mú fódà kan tó sì ń fi àṣẹ kan sọ ọ́ di .deb, tí ó tún fi àṣẹ mìíràn tó jọ ọ́ sọ ọ́ di .rpm. Ruby ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà ẹ máa nílò Ruby. Nfpm ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́ láìsí Ruby: ẹ ó kọ ohun tó wà nínú àpò náà sínú fáìlì kan, yóò sì ti inú rẹ̀ ṣe irú àpò tí ẹ bá béèrè.

Ohun tí irinṣẹ́ kankan kò lè bá yín ṣe

Àkọ́kọ́ ni ibi tí àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn ń jókòó sí. Ẹ má jẹ́ kí ètò náà kọ orúkọ àti owó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú usr/share, níbi tí ètò fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tó ń lò ó kò ní àṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀. Bí ẹ bá sì fi tipátipá ṣí àyè náà, ẹ̀dà tuntun tí ẹ bá gbé wọlé lè tẹ àkọsílẹ̀ ọdún kan mọ́lẹ̀. Inú fódà ẹni tó ń lò ó ni kó wà, ní .local/share/iwe-owo. Apt kì í fọwọ́ kan ibẹ̀, yálà ẹ sọ ètò náà di tuntun tàbí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Èkejì ni ìdánwò. Kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ètò kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé, nítorí gbogbo ohun tí ètò náà nílò ti wà lórí rẹ̀ tipẹ́. Ẹ gbé Ubuntu sórí fláàṣì, ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀ láìgbé e kalẹ̀, ẹ wá dán àpò yín wò níbẹ̀. Bí ẹ bá pa á tí ẹ tún tàn án, yóò tún mọ́ bí ẹni pé wọn kò lò ó rí.

Ẹ̀kẹta ni àmánà. Ẹni tó kọ páásíwọ́ọ̀dù alákòóso rẹ̀ láti gbé .deb tàbí .run yín kalẹ̀ ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé. Àwọn ìwé àṣẹ tó wà nínú àpò náà lè ka fáìlì rẹ̀, wọ́n sì lè pa á rẹ́. Ẹ má béèrè agbára tí iṣẹ́ yín kò nílò. Ẹ fi àṣẹ sha256sum mú nọ́ńbà fáìlì náà, ìyẹn òǹkà àti lẹ́tà 64 tó máa yí padà bí ohunkóhun bá yí nínú fáìlì, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀nà tí fáìlì gbà lọ. Kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbà á náà má kánjú: dpkg-deb -c yóò to gbogbo fáìlì tó wà nínú àpò, dpkg-deb -I yóò sì fi àlàyé rẹ̀ hàn, kí ẹ tó jẹ́ kó wọlé.

Ní kúkúrú

Bí ẹbí Debian ni gbogbo wọn, tí wọ́n sì ní páásíwọ́ọ̀dù, .deb. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí wọ́n ń lò, tàbí tí wọn kò ní páásíwọ́ọ̀dù tàbí dátà, AppImage. Bí ẹ bá nílò .deb àti .rpm, fpm tàbí nfpm. Bí ó bá di dandan kí ìwé àṣẹ kan ṣiṣẹ́ lórí Linux gbogbo, makeself, pẹ̀lú ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e fún gbogbo ayé, Flatpak tàbí Snap.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín pé ta ni ó kọ ètò náà fún, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ wo kọ̀ǹpútà onítọ̀hún kó tó yan irinṣẹ́ kankan. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìpe ọmọ náà lórí fóònù, iṣẹ́ náà ti dé ibi tó ń lọ.